Ìtàn Ìgbésí Ayé Christopher Latham Sholes, Ẹni Tí Ó To Bọ́tìnnì Tàípúráítà

Nígbàkígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí wọ́n gbé èdè Yorùbá ka orí ìwé, orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin mìíràn wà tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń pàṣẹ lé wa lórí lójoojúmọ́ bí a bá fẹ́ kọ Yorùbá, tí a kì í sì í dárúkọ rẹ̀ ní kíláàsì. Ará Amẹ́ríkà ni, ọ̀rọ̀ èdè wa kò sì kàn án. Christopher Latham Sholes ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ó to Q, W, E, R, T, Y sí ibi tí wọ́n wà lórí tàípúráítà. Kọ̀ǹpútà jogún wọn lọ́wọ́ tàípúráítà, fóònù alágbèéká tí ó wà lápò wa sì jogún wọn lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà.

Ọmọ Ìgbó-Ọrà ni mí, èdè Yorùbá ni mo sì ń kọ́ ní yunifásítì. Ohun tí ó mú mi wá ìtàn ọkùnrin yìí kiri ni pé kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ, kò sì sí àmì ohùn kan ṣoṣo lórí àtẹ bọ́tìnnì tí ó tò fún ayé. Mo fẹ́ mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́, ọ̀nà tí ó gbà ronú, àti bóyá òun fúnra rẹ̀ gbà pé iṣẹ́ náà ti parí.

Ìgbà Èwe Rẹ̀

Ọjọ́ 14, oṣù Fẹ́búárì, ọdún 1819, ni a bí Sholes ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Mooresburg ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Bí a bá fẹ́ fi ojú ilé wò ó, ọmọ bí ọdún mẹ́wàá ni Àjàyí nígbà náà ní Òṣogùn, tí kò jìnnà púpọ̀ sí ilẹ̀ Ìbàràpá wa, ọdún 1821 ni ogun sì kó o lẹ́rú. Sànmánì kan náà ni àwọn méjèèjì gbé láyé.

Nígbà tí Sholes gòkè díẹ̀, wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní ìlú Danville. Iṣẹ́ yìí ṣe pàtàkì nínú ìtàn rẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, lẹ́tà tí a fi òjé rọ ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé ń ṣà lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú àpótí pẹlẹbẹ tí ó ní ojúlé-ojúlé. Àwọn lẹ́tà inú àpótí yìí kì í tẹ̀lé ara wọn bí a ti ń kà wọ́n ní A, B, D. Èyí tí a ń lò jù ni ó máa ń wà nítòsí ọwọ́, èyí tí a kì í sábà lò ni a ń tì sí ẹ̀gbẹ́. Nítorí náà, láti kékeré ni ojú Sholes ti mọ́ ọn pé ibikíbi tí ó bá rọ ọwọ́ lọ́rùn ni a lè fi lẹ́tà sí.

Ní ọdún 1837, ó bá àwọn ẹbí rẹ̀ ṣí lọ sí ilẹ̀ Wisconsin, tí kò tíì di ìpínlẹ̀ nígbà náà. Níbẹ̀ ni ó ti di olóòtú ìwé ìròyìn, tí ó sì bọ́ sínú òṣèlú. Ó jẹ́ aṣòfin ní ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì ní Wisconsin, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n jà fitafita títí ìpínlẹ̀ náà fi fòpin sí ìjìyà ikú ní ọdún 1853. Nígbà tí Abraham Lincoln di Ààrẹ, wọ́n fi Sholes ṣe agbowó-orí ẹrù ní èbúté Milwaukee. Iṣẹ́ yìí kò gba gbogbo àkókò rẹ̀, ó sì ń ráyè lọ sí ilé iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Kleinsteuber, níbi tí àwọn tí wọ́n ní làákàyè tuntun máa ń péjọ sí.

Bọ́tìnnì Kan Ṣoṣo

Ẹ̀rọ tí ó ń kọ nọ́ńbà sí ojú ewé ìwé àti sára tíkẹ́ẹ̀tì ni Sholes àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Samuel Soule, kọ́kọ́ ṣe, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1866. Carlos Glidden, tí ó ń ṣe ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ tirẹ̀ lọ́wọ́ nínú ilé iṣẹ́ kan náà, wò ó, ó sì bi wọ́n pé bí ẹ̀rọ bá lè kọ nọ́ńbà, kí ló dé tí kò fi lè kọ lẹ́tà? Ní 1867, Scientific American gbé ìròyìn jáde nípa John Pratt tí ó ti gbìyànjú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ìròyìn náà ta Sholes jí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dáwọ́ jọ.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí Sholes fi bẹ̀rẹ̀. Ó mú bọ́tìnnì tẹlígíráàmù kan. Iṣẹ́ bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ ni láti so wáyà iná pọ̀: bí a bá tẹ̀ ẹ́, iná á kọjá, bí a bá fi í sílẹ̀, iná á gé. Sholes kò fi iná sí i rárá. Títẹ̀ àti gbígbéra padà rẹ̀ ni ó fẹ́. Ó fi lẹ́tà W kan sí orí ọ̀pá rẹ̀, ó gbé dígí, bébà lásán àti bébà kábọ́ọ̀nù síbẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́. Bébà kábọ́ọ̀nù náà, ọwọ́ òṣìṣẹ́ tẹlígíráàmù kan tí ń jẹ́ Charles Weller ni ó ti gbà á. W hàn lórí bébà. Ó tún tẹ̀ ẹ́, W tún hàn. Ẹ̀rọ tí kò mọ ju lẹ́tà kan ṣoṣo lọ ni, síbẹ̀ inú rẹ̀ ni gbogbo tàípúráítà ti jáde.

Nígbà tí wọ́n máa fi kún lẹ́tà náà, dùùrù ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe. Bọ́tìnnì wọn gùn, ó sì tẹ́ gbọọrọ bíi ti dùùrù. Láti ìdí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ni wáyà ti lọ sára ọ̀pá irin kan tí lẹ́tà wà lórí rẹ̀. Àwọn ọ̀pá náà tò yí ká nínú ẹ̀rọ bí ìgbà tí a bá to igi yí ẹnu agbọ̀n ká. Bí ọwọ́ bá ti kan bọ́tìnnì, wáyà á fa ọ̀pá, ọ̀pá á fò sókè lọ gbá ìsàlẹ̀ bébà. Nítorí pé ìsàlẹ̀ ni ó ti ń gbá a, ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́ kò lè rí ohun tí ó ń kọ títí yóò fi ṣí ẹ̀rọ náà wò. Ọjọ́ 23, oṣù Júùnù, ọdún 1868, ni Sholes, Glidden àti Soule gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀.

Ìjà Láàárín Ọ̀pá àti Ọ̀pá

Lẹ́yìn èyí ni wàhálà tó dé. James Densmore, tí òun àti Sholes ti jọ ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn rí, ra ìdá mẹ́rin kan nínú òwò náà ní $600 kí ó tó fojú kan ẹ̀rọ náà. Nígbà tí ó rí i ní 1868, kò wù ú. Ọkùnrin líle ni Densmore, kò jẹ́ kí Sholes sinmi. Ó ń kó ẹ̀rọ fún àwọn akọ̀wé kí wọ́n lò ó. James Clephane, akọ̀wé kóòtù ní Washington, lo ọ̀kan, ó bà á jẹ́, ó lo òmíràn, ó bà á jẹ́, ó sì ń fi àléébù wọn ránṣẹ́. Inú Sholes a máa bàjẹ́ sí i, ṣùgbọ́n a padà jókòó tún un ṣe. Soule àti Glidden fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

Ìṣòro tí ó le jù ni pé bí a bá tẹ bọ́tìnnì méjì léraléra tí ọ̀pá wọn sún mọ́ra, èkíní kò ní tíì padà délé tí èkejì yóò fi dìde, wọn a sì há mọ́ra. Nígbà ìbẹ̀rẹ̀, bí a ti ń ka álífábẹ́ẹ̀tì ni Sholes to bọ́tìnnì rẹ̀. Títí di òní, àpá rẹ̀ ṣì wà: ẹ wo ìlà àárín lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ ó rí D, F, G, H, J, K, L tí wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Láti nǹkan bí 1868 títí di 1873, ó ń tú wọn, ó ń tún wọn tò. Àwọn kan sọ pé kí ọ̀pá má bàa máa há ni ó ṣe tú wọn ká. Àwọn onímọ̀ méjì láti Yunifásítì Kyoto ní Japan kọ ọ́ ní 2011 pé àwọn òṣìṣẹ́ tẹlígíráàmù tí wọ́n ń lò ó ni wọ́n ń sọ ibi tí wọ́n fẹ́ kí lẹ́tà wà. Èyí ó wù kí a gbà nínú méjèèjì, ohun kan dájú: ìrírí ọwọ́ ni ó to àwọn lẹ́tà náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan sì ni ọwọ́ wọ̀nyí ń kọ.

Sholes mọ bí a ṣe ń fi díẹ̀ ṣe púpọ̀. Kò fi 1 àti 0 sórí àtẹ rẹ̀ rárá. Ẹni tí ó bá fẹ́ 1 yóò tẹ I, ẹni tí ó bá fẹ́ 0 yóò tẹ O. Ó fi bẹ́ẹ̀ jèrè bọ́tìnnì méjì.

Ní oṣù Máàṣì, ọdún 1873, Densmore gbé ẹ̀rọ náà lọ fún ilé iṣẹ́ Remington ní ìlú Ilion, ní ìpínlẹ̀ New York. Ìbọn ni wọ́n ń rọ níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣe máṣíìnì ìránṣọ pẹ̀lú. Èyí hàn lára ẹ̀rọ tí ó jáde ní 1874: wọ́n ya òdòdó sí i lára, wọ́n gbé e ka orí tábìlì máṣíìnì, wọ́n sì fi ẹlẹ́sẹ̀ sí i, débi pé ẹsẹ̀ ni a fi ń dá bébà padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, gẹ́gẹ́ bí télọ̀ ti ń fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì lọ́jà Ìgbó-Ọrà. $125 ni iye rẹ̀, lẹ́tà ńlá nìkan ni ó sì mọ̀ ọ́n kọ. Kò yá lọ́jà rárá. Ní 1878 ni irú kejì jáde, tí ó ń kọ lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré. Ọgbọ́n tí wọ́n dá síbẹ̀ yóò dùn mọ́ àwa ará Ìgbó-Ọrà, ìlú ìbejì, nínú: dípò kí wọ́n sọ bọ́tìnnì di ìlọ́po méjì, wọ́n fi lẹ́tà méjì, ńlá àti kékeré, sí orí ọ̀pá kan ṣoṣo bíi Táyé àti Kẹ́hìndé, bọ́tìnnì kan ní ẹ̀gbẹ́ sì ń sọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni yóò kan bébà.

Ọdún 1875 ní Èkó

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé díẹ̀. Ọdún 1874 ni tàípúráítà Sholes dé ọjà. Ní oṣù Jánúárì, ọdún 1875, àwọn ìjọ C.M.S. ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Nígbà náà, àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ti wà nínú ìwé Yorùbá, àmì ohùn náà sì ti wà. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ti rí: kí àwọn àgbà wa tó jókòó ní Èkó láti fi ẹsẹ̀ àkọtọ́ wa múlẹ̀, àtẹ bọ́tìnnì tí kò ní àyè fún un ti ń jáde láti Ilion. Nígbà tí ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974, ó pé 100 ọdún géérégé tí ẹ̀rọ náà ti wà lóde, ọ̀pọ̀ tàípúráítà ilẹ̀ wa ni kò sì lè kọ ọ́ tán.

Mo ti rí ohun tí èyí dá sílẹ̀ pẹ̀lú ojú ara mi. Bàbá kan wà ní Èrúwà tí ó máa ń tẹ ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ìwé ìbúra fún àwọn ará ìlú. Mo bẹ bàbá náà pé kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń tẹ Yorùbá hàn mí. Wọ́n tẹ o, wọ́n tẹ bọ́tìnnì tí ń dá ẹ̀rọ padà sẹ́yìn, wọ́n fi ọwọ́ yí bébà sókè díẹ̀, wọ́n tẹ àmì ìdánudúró sí abẹ́ o náà, wọ́n tún yí bébà padà. Ìgbésẹ̀ márùn-ún fún lẹ́tà kan! Wọ́n ní bí iṣẹ́ bá pọ̀, ìlà ni àwọn máa ń fà sábẹ́ lẹ́tà. Bí oníbàárà bá sì ń kánjú, àwọn á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ti àmì ohùn, bírò ni wọ́n fi ń fi í sí i, ìyẹn bí wọ́n bá rántí. Mo wo ìwé tí wọ́n tẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, orúkọ ènìyàn mẹ́ta sì wà nínú rẹ̀ tí èmi tí mo ń kọ́ èdè Yorùbá kò lè pè tán láìbéèrè.

Bàbá náà kò jẹ̀bi. Àwọn Faransé àti àwọn ará Sípéènì dojú kọ irú ìṣòro yìí, wọ́n sì rí ọgbọ́n dá sí i. Wọ́n ṣe bọ́tìnnì kan tí ó máa ń gbá àmì sórí bébà láìjẹ́ kí bébà sún, tó bẹ́ẹ̀ tí lẹ́tà tí ó bá tẹ̀lé e yóò fi bọ́ sí abẹ́ àmì náà gan-an. Ìgbésẹ̀ méjì péré! Ohun tí àwọn kan fi ìyípadà kékeré ṣe sí ẹ̀rọ kan náà nìyẹn.

Ìgbà Ogbó àti Ikú Sholes

Sholes kò di olówó. A gbọ́ pé $12,000 ni ó gbà tí ó fi yọwọ́ nínú ẹ̀rọ náà, nígbà tí Densmore ní tirẹ̀ ń gba ìdá kékeré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà, tí ó sì là rẹpẹtẹ. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ń dá Sholes gúnlẹ̀, orí ibùsùn ni ó sì ti lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ ní àwọn ọdún ìkẹyìn rẹ̀. Ohun tí ó dùn mọ́ ọn nínú ni pé ẹ̀rọ náà ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì fún àwọn obìnrin. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Lillian, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó. Ní 1881, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin onígbàgbọ́ ní New York, tí a mọ̀ sí Y.W.C.A., bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní títẹ tàípúráítà.

Ibí yìí ni mo ti rí ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ. Bí ara rẹ̀ kò ti le tó, Sholes kò dẹ́kun títún àtẹ bọ́tìnnì rẹ̀ tò. Ní 1889, ó béèrè fún ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ mìíràn tí ìtò lẹ́tà rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti Q, W, E, R, T, Y. Ọjọ́ 17, oṣù Fẹ́búárì, ọdún 1890, ni ó kú ní Milwaukee, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí ó pé ẹni ọdún 71. Crowther tẹ̀lé e ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891. Ní 1896 ni ìwé àṣẹ lórí ìtò tuntun náà tó jáde, ẹni tí ó ni í sì ti wà nínú sàréè. Kò sí ẹni tí ó gbé e jáde lọ́jà. Gbogbo ọwọ́ ti mọ́ èyí àtijọ́, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ títẹ̀wé ni ó sì ń kọ́ ènìyàn ní èyí àtijọ́.

Ẹ̀kọ́ Inú Ìtàn Yìí fún Wa

Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí. Ẹni tí ó ṣe àtẹ náà kò kà á sí òfin tí a kò lè yí padà. Àwa tí a jogún rẹ̀ ni a sọ ọ́ di òfin, àmì wa ni a sì ń gé dànù nítorí rẹ̀.

Ní ayé Sholes, àwíjàre wà. Wáyà gidi ni ó so bọ́tìnnì Q mọ́ lẹ́tà Q, ẹni tí ó bá fẹ́ yí i padà ní láti yọ irin. Ti kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ àtẹ rẹ̀, wáyà kan lọ ní òró, òmíràn lọ ní ìbú, bí òwú aṣọ òfì, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan sì jókòó sí ibi tí méjì ti pàdé. Wáyà 20 péré, 10 ní òró àti 10 ní ìbú, tó fún bọ́tìnnì 100. Nígbà tí a bá tẹ ọ̀kan, kọ̀ǹpútà kàn máa ń mọ ibi tí wáyà méjì ti fara kanra ni. Kò sí lẹ́tà kankan níbẹ̀. Ìlànà tí a kọ sínú kọ̀ǹpútà ni ó ń sọ lẹ́tà tí yóò jáde. Bí a bá yí ìlànà padà, Q lè di ẹ láìlo irin.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Lẹ́tà márùn-ún ni ó wà lórí àtẹ Sholes tí Yorùbá kì í lò: C, Q, V, X àti Z. Ohun márùn-ún ni Yorùbá ń fẹ́ tí kò sí níbẹ̀: ẹ, ọ, ṣ, àmì ohùn òkè àti àmì ohùn ìsàlẹ̀. Márùn-ún sanwó fún márùn-ún! Bí a bá fi ẹ, ọ àti ṣ sí mẹ́ta nínú wọn, tí a sì sọ méjì tí ó kù di bọ́tìnnì tí kì í sún bébà bíi ti àwọn Faransé, a ó kọ Yorùbá tààrà láìtẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá sì fẹ́ kọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀ǹpútà gbà kí a ní ìtò méjì, kí a máa bọ́ sí ọ̀kan láti inú èkejì.

Ẹnìkan lè sọ pé àtẹ Yorùbá ti wà tẹ́lẹ̀. Òtítọ́ ni. Ó wà nínú Windows, ó wà lórí fóònù, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa náà sì ti ṣe tiwọn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ibi tí ẹ wà lórí ọ̀kan kọ́ ni ó wà lórí èkejì, nítorí náà ọwọ́ kò mọ́ ìkankan. Ìṣòro mìíràn tún wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀: é àwọn Faransé ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ tiwa kò ní, ẹ̀yà méjì ni a ń so pọ̀ kí ó tó jáde. Bí ìsopọ̀ náà kò bá dára, àmì á fò kúrò níbi tí a fi í sí. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwa tí a mọ èdè náà wà nídìí iṣẹ́ yìí, kí a má fi í sílẹ̀ fún àwọn oníkọ̀ǹpútà nìkan.

Ìtàn Sholes ti fi ọ̀nà hàn wá. Dídára ìtò Q, W, E, R, T, Y nìkan kọ́ ni ó gbé e borí. Ilé iṣẹ́ kan rọ ọ́, ilé ẹ̀kọ́ kọ́ ọ, ọwọ́ sì mọ́ ọn. Àwa náà ní ilé ẹ̀kọ́. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa kí ẹ bá wa yan ìtò Yorùbá kan ṣoṣo, kí ẹ jẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wọlé sí ẹ̀ka Yorùbá fi oṣù àkọ́kọ́ rẹ̀ kọ́ ọ, kí àpilẹ̀kọ àṣekágbá wa sì máa jáde pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ láìlo bírò. Bí ẹgbẹ́ wa bá kọ́kọ́ gbà á fún ìwé ìròyìn yìí, kò ní pẹ́ tí àwọn tí wọ́n ń lọ kọ́ni ní Lánlátẹ̀, ní Èrúwà àti káàkiri Ìbàràpá yóò fi gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé.

Sholes fi lẹ́tà W kan bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi ẹ bẹ̀rẹ̀.